Ìwé Yorùbá Kì Í Ṣe Ti Ìdánwò Nìkan

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Ìsìn àṣálẹ́ ti parí, a sì jókòó lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìmọ̀tà, a ń ka ìwé. Àgbà ìjọ kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì yí ẹ̀yìn ìwé náà wò. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ni, èyí tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ tún fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ni?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a tètè sùn. Bàbá yìí mọ̀wé. Ọmọ mẹ́ta ni ó ti ra ìwé yìí fún nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì ṣí i kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú rẹ̀, ìwé Yorùbá dà bí aṣọ ilé-ìwé: bí ọmọ bá ti jáde, kí a fi í nu ilẹ̀.

Èrò yìí ni a dìde sí lónìí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé a gbé àgbà sínú ìwé, kì í ṣe òun nìkan ni ó ní èrò náà.) Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀ràn ìlú àti ìjọba, kí ó lọ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ìwé Yorùbá kò ní ju àlọ́ ìjàpá àti ìtàn iwin lọ. Àwa wí pé irọ́ ni, àwọn tí ó sì ń pa irọ́ náà kò ka àwọn ìwé tí wọ́n ń dá lẹ́bi.

Kí ni ó wà nínú ìwé tí Fálétí gbé jáde ní ọdún 1969 yìí? Àwọn ará Òkè-Ògùn ń sin ọba alágbára kan, Olúmokò. Ìsìn náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kò fi jọ ẹni tí ń sìn lójú pé ìyà ni. Àjàyí kọ̀ ọ́, ó sì jìyà nítorí rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò gba ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sọ ìtàn náà; àwọn tí ó jà ni ó jẹ́ kí wọ́n máa ròyìn, Àjàyí, Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí, olúkúlùkù bí ojú rẹ̀ ti rí i. Ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ nìyí, pé òmìnira kò ní akọ̀ròyìn kan ṣoṣo, àti pé ohùn obìnrin wà nínú rẹ̀. Ẹ ro ó wò pẹ̀lú pé ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira ni ìwé náà jáde, tí ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́. Ìwé náà ń bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò tíì dáhùn: ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àṣà, ìgbà wo ni ó di àjàgà? Ṣé ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan nìyẹn?

Ìwé kejì ni Rẹ́rẹ́ Rún tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní ọdún 1973. Eré ni, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sì dá lé. A bẹ gbogbo ará Ìmọ̀tà pé kí wọ́n wá ìwé yìí kà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìlú wa, èyí tí a sọ pé ó lè bó ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí baba wọn ń roko, tí ìyá wọn sì ń ta gàrí, ń wá iṣẹ́ owó oṣù báyìí. Ta ni ó ti kọ́ wọn ní ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́, àti bí a ti í fọ́ ọ? Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú eré náà, jẹ́ olóòótọ́. Àwọn alágbára kò rí i fi owó rà. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Owó ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì láti ọwọ́ aya rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Ilé náà dàrú, orí Láwúwo pẹ̀lú sì dàrú. A ka ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì bínú sí Òkédìjí, nítorí a ń retí pé kí olódodo borí. Kò jẹ́ kí ó borí. Ó fẹ́ kí a dá ìwé dé, kí a sì béèrè ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣe àìṣọ́ra: èé ṣe tí owó gbogbo ènìyàn fi wà nínú yàrá ẹnì kan?

A ka Basọ̀run Gáà, eré Fálétí ti ọdún 1972, pẹ̀lú. Ó dára, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ràn rẹ̀ tó èyí àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé kí ni ti katikíìsì nínú ọ̀ràn ìlú. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Samuel Johnson. Katikíìsì ni òun náà ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà, òun ni ó sì ru lẹ́tà Aláàfin lọ sí Èkó nígbà ogun Kírìjì, láti wá àlàáfíà. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní Ìlú Ọba. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, a kò sì kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a kórìíra ni kí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa sọ fún ẹni tí kò gbọ́ pé ọ̀ràn ìjọba kò kàn án.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú kò ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 2022 wọ́n gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 ni Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, tí àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà sì ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Nítorí náà a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjọ láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n yan ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, kí àgbà àti ọ̀dọ́ jọ ka ìwé kan jáde sókè, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà gbọ́, kí ó sì dá sí i. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìmọ̀tà. Rẹ́rẹ́ Rún ni a mú, a sì pín ohùn fún ènìyàn mọ́kànlá. Bàbá tí ó fi wá rẹ́rìn-ín ti yá Ọmọ Olókùn-Ẹṣin lọ́wọ́ wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tíì dá a padà.