Ta Ni Ó Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Ìjàkadì?

Ọgbọ́n ju agbára lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìjàkadì, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí yóò sọ bí ọgbọ́n náà ṣe ń wọ inú ara.

Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí mi lọ́kàn ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, níbi tí alábàárù méjì gbé ń fi ìjàkadì ṣeré. Ọ̀kan sígbọnlẹ̀, àpò ìrẹsì oníkílò 50 kò jẹ́ nǹkan kan lórí rẹ̀. Èkejì rí ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ òmìrán, ó sì dá a gbalaja. Ó tún dá a lẹ́ẹ̀kejì. Ni àwọn èrò ọjà bá ń pariwo pé oògùn ni. Mo bi ọmọ náà léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ni òun ní, wọn a sì máa dá òun lójoojúmọ́ ní oko.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ẹ̀kọ́ náà ń bẹ nínú ìdáhùn yìí. Ìṣubú ni ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Kí àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà, kí ìpàkọ́ má baà gbá ilẹ̀. Kí ó má sì na apá sẹ́yìn láti gba ara rẹ̀ dúró, nítorí bẹ́ẹ̀ ni egungun ọwọ́ ṣe ń kán. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù àtiṣubú kò lè súnmọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó láti dá a.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, irin ni wọ́n ń gbé. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n irin kì í yẹ̀, irin kì í tan ni jẹ. Kano Jigoro ará Jàpáànì, tí ó dá júdò sílẹ̀ ní 1882, mọ èyí dájú. Ó yọ àwọn ọgbọ́n tí ó léwu jù kúrò nínú ìdánrawò, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa fi gbogbo agbára wọn di ara wọn mú láìṣe ara wọn léṣe. Ọgbọ́n tí a kò lè dán wò lára ẹni tí ó ń takú, àfarawé lásán ni.

Nítorí náà, kí ọmọ mú ọ̀nà ìdáni kan ṣoṣo. Kí ẹnìkejì kọ́kọ́ gbà fún un, kí ó wá máa takú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, kí a pààrọ̀ ẹnìkejì: ẹni tí ó wúwo jù ú, ẹni tí ó fúyẹ́, àti alọ́wọ́-òsì, tí í máa ń da ojú ọ̀rọ̀ rú.

Ọdúnayọ̀ Adékúoróyè, tí a bí ní Àkúrẹ́ yìí kan náà, gba góòlù ìjàkadì nínú ìdíje Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní 2014, 2018 àti 2022. Ní ìgbà méjì tí ó kẹ́yìn, ìpele kílò 57 ni ó ti jà. Díẹ̀ ni ìyẹn fi ju àpò ìrẹsì kan lọ. Kí ẹni tí ó bá tún ń sọ pé eré ọkùnrin nìkan ni, kí ó rọra jókòó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ kò pọ̀. Ẹ da yanrìn típà kan sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì pe àgbà kan tí ó ti jà rí kí ó wá máa ṣọ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí ó tóbi jù máa borí lójoojúmọ́. Ẹ wá ẹni tí ó jù ú lọ fún un, kí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà kan ilẹ̀.