Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Ọ̀símítà

Ẹ̀yin ẹnjiníà,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún irinṣẹ́ ṣe káàkiri ilé ìwòsàn nílùú Ìbàdàn. N kì í sábà bínú sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá aláta kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Ọ̀símítà tó wà níka rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà ní kò séwu. Nígbà tí wọ́n padà fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, 84 ni yàrá àyẹ̀wò kọ.

Mo tú ọ̀símítà náà. Iná pupa ń tàn, èyí tójú kò rí náà ń ṣiṣẹ́, wáyà kankan kò já. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú rẹ̀ gan-an ló ń ṣe.

Ẹ máa ń sọ pé ohun tí kò bá lù pẹ̀lú ọkàn, ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, àwọ̀ ara kò wá kàn án. Lórí ìwé nìyẹn. Iná pupa LED yẹn kì í dúró sórí gígùn ìgbì 660 nm nìkan. Àwọ̀ dúdú ń gbé apá kan nínú iná náà mì ju apá kejì lọ, ìṣirò á sì yẹ̀. Àtẹ tẹ́ ẹ fi ń sọ ìṣirò di ọ́síjìn ńkọ́? Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2013 ní kí aláwọ̀ dúdú méjì, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá pọ̀ jù, wà lára àwọn tẹ́ ẹ fi dán an wò. Ó sì tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn olùwádìí Jubran àti Tobin ti kọ̀wé lọ́dún 1990 pé ọ̀símítà ń ṣìnà lára aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 2020, Sjoding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan fi hàn pé nígbà tí ọ̀símítà ní 92 sí 96, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò tó 88; ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Ọgbọ̀n ọdún gbáko!

Èyí tó tún ń dùn mí: ọwọ́ ìyá náà tutù, ìgbì ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ kò tó nǹkan, síbẹ̀ 94 dúró gbọin. Ẹ ti sẹ́ àmì náà bí ẹni sẹ́ ògì, ẹ tún un sẹ́, títí ó fi jọ òótọ́.

Mo gbà, ọgbọ́n tí Aoyagi ará Japan gbé jáde lọ́dún 1974 ṣe wá lóore. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kun aláìsàn lóorun láìsí ọ̀símítà mọ́. Ọgbọ́n tuntun yín fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sàn díẹ̀. Ìyẹn kò ní kí 84 di 94.

Ẹ fi àwọn aláwọ̀ dúdú kún àwọn tẹ́ ẹ fi ń ṣe àtẹ yín. Ẹ jẹ́ ká máa rí ìgbì ìṣàn ẹ̀jẹ̀ náà. Bí kò bá dá ẹ̀rọ lójú, kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa, bí aláìsàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ọ̀símítà ní kò sí nǹkan, aláìsàn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.