Ìdájọ́ Taylor jìnnà sílé jù

Nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì l'Ọ̀fà ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 2018, Ìlọrin ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ lè wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, kó sì sùn sílé lálẹ́.

Àwọn tí ọlọ̀tẹ̀ gé lọ́wọ́ ní Sierra Leone kò rí irú rẹ̀. Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, tó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà lọ́wọ́, ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbà sí Calabar lọ́dún 2003. Ó sá lọ ní oṣù kẹta, ọdún 2006, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ ní Gamboru-Ngala. Freetown ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, àmọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wàhálà lè tún bẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí The Hague. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n 50 ọdún lọ́dún 2012, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jìyà ti gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà lè ṣe é: Dakar ni wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Hissène Habré ti Chad lọ́dún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dakar náà jìnnà sí Chad.

Ọ̀rọ̀ Sierra Leone nìkan sì ni wọ́n bi Taylor. Ti Liberia, kóòtù kankan kò tíì bi í léèrè.