“Gbohùngbohùn” Nìkan Kò Tó

Ní ọdún 1939 ni ètò Rediffusion dé Ìbàdàn. Okùn ni ó ń gbé ohùn wọ inú ilé lọ bá àpótí kékeré kan; ohùn ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùgbọ́ kò ní ọ̀nà àtifèsì. Kò sí orúkọ tí ó tún lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu ju asọ̀rọ̀mágbèsì lọ. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú kan náà, ẹ̀rọ tí ó mú wá sì ní orúkọ tirẹ̀: amóhùnmáwòrán. Ó mú ohùn wá, ó mú àwòrán wá. Ẹni tí kò fojú kan èyíkéyìí nínú méjèèjì rí lè ti inú orúkọ mọ iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ohùn aláìlókùn tí wọ́n ń lò lóde ìnáwó, ní ilé ìjọsìn àti ní gbọ̀ngàn ìpàdé lónìí. Ohùn tí òkè tàbí àfonífojì dá padà ni gbohùngbohùn ní ìpìlẹ̀. Ó sì di orúkọ ìwé ìròyìn tí ilé iṣẹ́ Sketch bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1970. Orúkọ kan náà ni wọ́n tún fi ń pe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn lẹ́nu, èyí tí ń gbà á pamọ́ àti èyí tí ń sọ ọ́ di ńlá. Ẹrù náà pọ̀ jù fún orí kan.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ní ọjọ́ ìpàdé ńlá. Àgbà kan dìde pẹ̀lú ẹ̀rọ aláìlókùn lọ́wọ́, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó lẹ́bàá òpó kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá tí ń bójú tó ẹ̀rọ ké sí ọmọṣẹ́ rẹ̀. Èsì tí ó gbọ́ ni pé, “Ọ̀gá, gbohùngbohùn ti kú.” Èwo ni ó kú? Ó kéré tán, ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó wà láàárín ẹnu àgbà náà àti etí olùgbọ́, ọmọṣẹ́ kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí wọ́n tó tú èyí wò, kí wọ́n tó tú tọ̀hún, ọ̀rọ̀ àgbà ti sọnù.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni ó yẹ kí ó fún un lórúkọ. Kí èyí tí ó wà níwájú ẹnu máa jẹ́ agbohùn, nítorí pé ó ń gba ohùn, ó sì ń sọ ọ́ di agbára iná mànàmáná. Kí èyí tí ó wà ní ìdí rẹ̀, tàbí tí wọ́n há mọ́ ìgbànú, máa jẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń ṣe fún odindi ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe fún gbọ̀ngàn kan. Kí èyí tí ó ń gba ìgbì rédíò náà, tí ó sì ń yọ ohùn kúrò lára rẹ̀, máa jẹ́ agbohùnláfẹ́fẹ́. Amóhùnbúgbàmù ni kí èyí tí ń ké sí àwùjọ máa jẹ́. Àmì ohùn ni ó ya gbé sọ́tọ̀ kúrò lára gbà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí; ẹni tí ó bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i ti sọ ẹni tí ń fi nǹkan ránṣẹ́ di ẹni tí ń gbà á.

Òótọ́ ni pé ìgbì rédíò kò nílò afẹ́fẹ́ kí ó tó rìn. Síbẹ̀, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọn kì í wó ilé tí ènìyàn ń gbé nítorí pé igun rẹ̀ kan wọ́; àlàyé ni kí olùkọ́ fi tún un ṣe.

Bí ọmọṣẹ́ bá ti mọ ẹni tí ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà, ẹ̀kọ́ tí ó kàn kò ní le. Iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ bára mu nínú àwọn méjèèjì, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ méjì kò sì gbọdọ̀ pín iye kan lò. Ewu mìíràn tún fara pamọ́. Bí ọ̀kan bá wà ní 600 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì, tí èkejì wà ní 601, àwọn méjèèjì lè para pọ̀ bí ìgbì àìròtẹ́lẹ̀ ní 599 àti 602. Ẹ̀kẹta tí wọ́n bá gbé sí 602 lè máa jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀ràn olórin tún yàtọ̀. Bí ìlù àti ariwo àwùjọ bá bò ó mọ́lẹ̀, kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀, a sì máa pariwo kọjá bí ó ti yẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ohùn rẹ̀ padà fún un, yálà láti ẹsẹ̀ pèpéle tàbí láti inú ohun kékeré tí ó ń kì bọ etí. Ẹ̀rọ ìgbóhùn-ara-ẹni ni orúkọ tí ó yẹ é. Bí agbohùn bá kọjú sí èyí tí ó wà nílẹ̀, ohùn lè máa yí po láàárín wọn títí yóò fi di igbe. Èyí tí ó wà nínú etí kì í ké bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n etí ni yóò san gbèsè àṣejù. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá a lámọ̀ràn pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe wà nínú ariwo 85 désíbẹ̀lì ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá di 88, wákàtí 4 péré ni. Ọmọṣẹ́ tí kò lè ka ìwé ìlò tí ó bá ẹ̀rọ wá ni irú ìkìlọ̀ yìí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọjà ti yan máìkì àti sípíkà ná, kò sì sí ẹni tí í bá ọjà jà. Kò sí ìjà níbẹ̀. Kí ẹni tí ń ná ẹ̀rọ ní Ọjà'ba máa pè é ní máìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ni níṣẹ́ nílò orúkọ tí ó ń tọ́ka sí iṣẹ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, kí àwọn onímọ̀ èdè tó tẹ irú orúkọ báwọ̀nyí sínú ìwé atúmọ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Bẹẹrẹ àti Màpó, kí wọ́n wò bóyá wọ́n rọrùn lẹ́nu. Bí ọmọṣẹ́ bá lè wí pé, “Ọ̀gá, agbohùnláfẹ́fẹ́ ni kò gba nǹkan kan,” ọ̀gá mọ ibi tí yóò na ọwọ́ sí, àwùjọ yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.