"Eyín Ní Ń Hù"

Bí ara ọmọ ọwọ́ bá gbóná ní Ìlogbò-Èkìtì, tí ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá àgbà yóò kọ́kọ́ sọ: "Eyín ní ń hù." Ọkàn ìyá ọmọ yóò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Ìlogbò nìkan. Ìwádìí àwọn oníṣègùn eyín káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti fi hàn léraléra pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí gan-an ni ewu.

Eyín a máa bẹ̀rẹ̀ sí í hù nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù 6. Ní àkókò kan náà ni ọmọ ń rá, tí ó ń he ohun gbogbo sí ẹnu, tí ààbò tí ó bá a wá láti inú ìyá rẹ̀ sì ń dínkù. Àìsàn a wá rí àyè wọlé. Eyín lè mú kí itọ́ máa dà, kí ọmọ sì máa sunkún. Kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru tí ń mú omi ara gbẹ. Ọmọ tí a ní eyín ni ó ń ṣe, tí a kò gbé dé ilé ìwòsàn, lè kú kí eyín náà tó yọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, Nàìjíríà rí ohun tí ìgbàgbọ́ yìí lè fà. Oògùn olómi kan, My Pikin, tí wọ́n ń tà fún àwọn ìyá nítorí eyín híhù, ni a bá májèlé diethylene glycol nínú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọmọ 84 ni ìjọba kà pé ó ti kú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é lẹ́bi. Ẹ̀bi àwọn tí ó po oògùn ni, kì í ṣe ti ìyá tí ó fi owó rẹ̀ ra ikú láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: ta ni ó sọ fún ìyá pé eyín nílò oògùn kí ó tó hù?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ń ba eyín ọmọ jẹ́ ni pé: "Eyín àkọ́hù ni, yóò ká." Òótọ́ ni pé eyín 20 àkọ́kọ́ yóò ká, ọmọ yóò sì jù wọ́n sí orí òrùlé gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá 4 a máa hù lẹ́yìn gbogbo wọn. Eyín kankan kò ká kí àwọn wọ̀nyí tó hù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀ pé wọ́n ti dé. Àwọn ni ọmọ yóò fi jẹun di ọjọ́ ogbó. Bí wọ́n bá jẹrà ní ọdún 8, kò sí òmíràn lẹ́yìn wọn.

Kòkòrò inú ẹnu ní ń sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Ìgò ògì aládùn tí a fi sí ọmọ lẹ́nu kí ó fi sùn ni ó burú jù. Bàbá tí ń ra bisikí wálé lójoojúmọ́ náà kò gbọdọ̀ rò pé ti ìyá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn síwáákì tó bẹ́ẹ̀ tí ó lò ó nínú àìsàn ìkẹyìn rẹ̀ pàápàá. Orín àtà tí àwọn ìyá wa ń rún bá èyí mu, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò lè rún orín. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kí ìyá fi fọ eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí fluoride wà nínú rẹ̀, tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3. Kí ó tó nǹkan bí ọdún 7, ọmọ kò lè dá a ṣe dáadáa.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí Ìlogbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣètò àsàlátù, ẹ pe oníṣègùn eyín tàbí nọ́ọ̀sì kan wá bá ìjọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kí ẹ sì rí i dájú pé àwọn ìyá àgbà jókòó síwájú, nítorí ẹnu wọn ni àwọn ìyàwó ilé ń wò.