“Bí Mo Ṣe Rí I Gbà Ni Mo Fi Ránṣẹ́”: Ṣé Àwíjàre Nìyẹn Níwájú Ọlọ́hun?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ìròyìn òṣèlú tí à ń pín kiri lórí WhatsApp, pàápàá èyí tí wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Bí mo ṣe rí i gbà ni mo fi ránṣẹ́.” Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí a bá ti kọ gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn wa. Èrò tèmi ni pé kò kúrò. Mo sì tún fẹ́ sọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: irọ́ tí a ń pín kiri nípa àwọn olórí wa, àwọn olórí náà gan-an ló ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí gbogbo wa rántí. Ní ọdún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ gba ìtọ́jú ní London lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló pẹ́ jù: oṣù karùn-ún ló lọ, ó di oṣù kẹjọ kó tó padà, ó lé ní 100 ọjọ́. Igbákejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ló ń delé dè é. Nígbà tó yá, ìròyìn gba ìgboro pé Ààrẹ ti kú, pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jubril láti ilẹ̀ Sudan ni wọ́n gbé sípò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi àwòrán àtijọ́ wé tuntun, wọ́n ń wá ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Ààrẹ lọ sí ilẹ̀ Poland fún ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ bi í léèrè, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé òun gan-an ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé nítòótọ́, ní London kan náà, ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025 ni. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí ikú tí a ti kọ́kọ́ fi ẹnu pa á.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìbéèrè gidi wà nílẹ̀ lọ́dún 2017 yẹn. Àìsàn wo ló ń ṣe olórí wa? Èló ni ìtọ́jú náà ń ná wa? Kí ló dé tí kò sí ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú rẹ̀ nílé? Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni láti béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jubril wọlé, ó bo gbogbo ìbéèrè yẹn mọ́lẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ dáhùn láti fi Jubril rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ejò Makurdi náà ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìròyìn jáde pé òṣìṣẹ́ JAMB kan ní ìpínlẹ̀ Benue sọ pé ejò gbé 36 mílíọ̀nù náírà mì, owó káàdì tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A rẹ́rìn-ín títí. EFCC pàápàá fi idì tó ń pa ejò ṣàwàdà lórí Twitter. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kéwú ń fi ejò náà ṣeré nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé lọ́dún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, JAMB kan náà san owó tó lé ní 5 bílíọ̀nù náírà sápò ìjọba àpapọ̀, nígbà tí ohun tí wọ́n ń san láwọn ọdún tó ṣáájú kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kó gba ẹnu wa kan nìyẹn: níbo ni owó àwọn ọdún yẹn wọlé sí? Ejò la rántí, a gbàgbé àpò owó.

Ní ilé-kéwú, à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó ń jẹ́ isnaad. Bí àwọn onímọ̀ hádíìsì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á béèrè pé ta ló sọ fún ọ, ta ló sọ fún òun náà, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bí orúkọ ẹnì kan bá sọnù láàárín, ọ̀rọ̀ náà di aláìlágbára. “Bí mo ṣe rí i gbà” kò ní orúkọ ẹnì kankan nínú. Imaam Muslim fi hádíìsì kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tó fi yé wa pé kéèyàn máa tún gbogbo ohun tó bá gbọ́ sọ ti tó láti sọ ọ́ di onírọ́.

Ẹ tún rántí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ìyá wa Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Nǹkan bí oṣù kan ni ilé Ànábì fi wà nínú ìbànújẹ́ kí Ọlọ́hun tó fọ̀ ọ́ mọ́ nínú Suuratu Nuur. Lára àwọn tó tàn án kálẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ òdodo wà níbẹ̀. Àwọn kọ́ ló dá irọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ ni, wọ́n sì tún un sọ. Síbẹ̀, ìyẹn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjìyà. Ṣùgbọ́n Sàyìnábù ọmọ Jahshi, orogún Àíṣà, tí ọ̀rọ̀ náà ìbá ṣe láǹfààní, sọ pé ire nìkan ni òun mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí inú ń bí sí olóṣèlú kan, ẹ kọ́ ìwà Sàyìnábù. Kí o kórìíra ẹnì kan kò sọ irọ́ nípa rẹ̀ di halaal.

Ẹlòmíràn á ní, “Ustaaz, ṣé kí a kúkú dákẹ́ ni?” Rárá o. Nígbà tí wọ́n fi Abuubakr jẹ olórí, ó sọ fáwọn èèyàn pé bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Bí òun bá ṣìnà, kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Ẹ máa béèrè. Ẹ máa bínú sí ìwà ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí ẹ fi jà, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ ja olè, olè náà ni yóò jàre.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà lè ṣe ohùn èèyàn àti àwòrán tó ń rìn, kí a má mọ̀ pé kì í ṣe òun. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ilé ìròyìn mìíràn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé gbé e? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ, bí bàbá tàbí ìyá yín bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àárín ẹbí, ẹ má já wọn ní gbangba. Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá tọ́ yín sọ́nà, ẹ má bínú.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kí Ó ṣọ́ ìka wa tó ń tẹ fóònù, kí Ó sì fún wa ní olórí tí ìbéèrè kò ní máa dẹ́rù bà. Aamiin.