Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ni, Kì í Ṣe Ayé

Bí obìnrin bá bí ọmọ tí orí rẹ̀ kéré, tí làákàyè rẹ̀ ò pé, ayé la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó.

Ìyá kan ní Nọ́wè bí ọmọ méjì, làákàyè àwọn méjèèjì ò pé, ìtọ̀ wọn sì ń rùn lọ́tọ̀. Ó gbé wọn kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Dókítà Asbjørn Følling, tó rí ìdí rẹ̀ lọ́dún 1934. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phenylalanine wà nínú ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà. Ara tiwa máa ń yí èyí tó bá ṣẹ́ kù padà sí nǹkan mìíràn. Tàwọn kan ò lè yí i, ó wá ń kún inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Àìsàn náà ni PKU.

Lọ́dún 1953, wọ́n rí i ní Birmingham pé ṣíṣọ́ oúnjẹ ń ṣèrànwọ́. Nígbà tó sì di pé wọ́n ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ń tètè mú un. Àwọn ọmọbìnrin yẹn gbọ́n, wọ́n kàwé, wọ́n relé ọkọ. Àmọ́ wọ́n ti ní kí ọ̀pọ̀ wọn máa jẹ ohun gbogbo lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

Ara ìyá le koko, ọmọ tó bí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ò tiẹ̀ ní PKU fúnra wọn! Ibi ọmọ ló ń ti èròjà yẹn wọlé, títí tinú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á fi pọ̀ ju ti ìyá lọ, nígbà tí ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Lọ́dún 1980, Lenke àti Levy ní Amẹ́ríkà kó ìròyìn irú oyún bẹ́ẹ̀ jọ. Láàárín àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn kún jù, tí wọn ò sì gba ìtọ́jú, làákàyè ọmọ 92 nínú 100 ò pé, orí 73 kéré, ọkàn 12 lábùkù.

Àtúnṣe wà, àmọ́ kí oyún tó dúró ni obìnrin náà ti gbọ́dọ̀ padà sídìí oúnjẹ àkànṣe yẹn. Kò dùn lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ń bí ọmọ tó pé.

Kí ìyá ọkọ kankan má wá tìtorí èyí gba ẹyin lọ́wọ́ aláboyún o! Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Aláboyún tí kò ní in nílò ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa.